Ta Ló Pàṣẹ?

Nínú gbogbo gbólóhùn tó wà nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì, kò sí èyí tí ẹrù rẹ̀ fúyẹ́ tó ti àṣẹ. "Come." "Sit." "Wait." Ọ̀rọ̀-ìṣe kan péré, ọ̀rọ̀ sì ti parí. Kò sí olùwà níwájú rẹ̀, kò sí àmì àná tàbí ti ọ̀la lára rẹ̀, kì í sì í yí padà, ìbáà jẹ́ ẹnì kan là ń bá wí, ìbáà jẹ́ ọgọ́rùn-ún. Bí ẹnì kan bá wá lánàá, "came" ni Gẹ̀ẹ́sì máa pè é; bó bá jẹ́ pé ojoojúmọ́ ló ń wá, ó di "comes". Ṣùgbọ́n nígbà àṣẹ, ọ̀rọ̀ náà gan-an bó ṣe wà nínú ìwé atúmọ̀-èdè ni wọ́n ń mú, tí wọ́n á sọ ọ́ lu ẹni tó wà níwájú wọn.

Gbogbo ẹni tó bá ti jókòó ní kíláàsì gírámà nílé ẹ̀kọ́ wa ló mọ ìdáhùn tí olùkọ́ ń fẹ́ gbọ́ nígbà tó bá béèrè pé níbo ni olùwà gbólóhùn náà wà. "You" ni, a ò pè é jáde, ṣùgbọ́n ó wà níbẹ̀. Ọmọ á kọ ọ́ sílẹ̀, á gba máàkì rẹ̀, ọ̀rọ̀ á tán síbẹ̀. Kò sì yẹ kó tán síbẹ̀. Gbólóhùn tó fi ẹni tí à ń bá wí pamọ́, tí kò dárúkọ ẹni tó ń wí, síbẹ̀ tí a fi ń darí ẹsẹ̀ àti ọwọ́ ọmọlàkejì, ó tó ohun tí à ń yẹ abẹ́ rẹ̀ wò. Kí ló túmọ̀ sí? Níbo ni agbára rẹ̀ ti ń wá? Ta ló ni ín?

Ohun àkọ́kọ́ tó máa rú ẹni tó bá fara balẹ̀ wò ó lójú ni pé àṣẹ kò ṣeé pè ní òótọ́, kò sì ṣeé pè ní irọ́. Bí ẹnì kan bá sọ pé òjò ń rọ̀ ní Òṣogbo, a lè fi fóònù pe ará Òṣogbo ká gbọ́ bóyá bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n bó bá ní "Ti ilẹ̀kùn", tí ẹlòmíràn sì fèsì pé "Irọ́ ni", gbogbo ilé á yíjú wò ó. A lè ti ilẹ̀kùn, a lè kọ̀ láti tì í, a lè bínú pé ta ló ń rán wa níṣẹ́. A ò lè já gbólóhùn náà nírọ́. Aristotle, onímọ̀ èrò ìjìnlẹ̀ ará Gíríìsì, ti kíyè sí i láyé àtijọ́. Ó ní àdúrà jẹ́ gbólóhùn lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò sí òótọ́ tàbí irọ́ nínú rẹ̀, ó sì tì í sí ọ̀dọ̀ àwọn tó ń kọ́ni ní ọ̀rọ̀ sísọ láwùjọ àti àwọn akéwì pé àwọn ni kó máa bá a yí.

Ọ̀pọ̀ àwọn onímọ̀ èrò ìjìnlẹ̀ tó tẹ̀ lé e náà gba ibẹ̀ lọ. Lójú wọn, ẹni tó bá mọ ìtumọ̀ gbólóhùn ni ẹni tó mọ bí ayé ṣe gbọ́dọ̀ rí kí gbólóhùn náà tó lè jẹ́ òótọ́. Ìgbà tó di nǹkan bí ọdún 1937 ni Jørgen Jørgensen, ará Denmark, gbé ẹ̀gún kan síwájú wọn. A gbà pé iṣẹ́ lọ́jíìkì ni kó máa gbé òótọ́ láti inú ọ̀rọ̀ kan lọ sínú òmíràn. Àṣẹ kò ní òótọ́ tí à bá gbé. Ṣùgbọ́n bí ìyá bá sọ fún ọmọ rẹ̀ pé "Fọ gbogbo abọ́ tó wà nínú báàfù yẹn", tí abọ́ pupa kan sì wà nínú báàfù náà, ọmọ ò nílò kí ẹnikẹ́ni tún wá sọ fún un pé kó fọ abọ́ pupa. Bó bá fi í sílẹ̀, tó ní wọn ò dárúkọ rẹ̀, ìyá rẹ̀ á mọ̀ pé ọmọ yìí fẹ́ fi ọgbọ́n àgbọ́njù sá iṣẹ́ ni. Ọmọ náà gbé nǹkan láti inú ọ̀rọ̀ kan lọ sínú òmíràn, nǹkan tó gbé kì í sì í ṣe òótọ́. Kí wá ni? Títí di òní, àwọn ọ̀mọ̀wé ṣì ń jiyàn lé e lórí.

Èrò tèmi ni pé ohun tí ọmọ yẹn rí ni ìfẹ́ ìyá rẹ̀. Gbólóhùn tó ń ṣàlàyé ń sáré kí òun lè bá ayé mu. Bí wọn ò bá bára mu, gbólóhùn ló jẹ̀bi. Gbólóhùn àṣẹ dúró jẹ́ẹ́, ó ń retí kí ayé wá bá òun mu. Bí wọn ò bá bára mu, ayé ló kù tí a ó tún ṣe. Onímọ̀ èrò ìjìnlẹ̀ mìíràn, Wittgenstein, nínú ìwé rẹ̀ tó jáde ní 1953, ọdún méjì lẹ́yìn ikú rẹ̀, fi ọ̀gá bíríkìlà kan àti ọmọṣẹ́ rẹ̀ ṣe àpẹẹrẹ: ọ̀gá á pe orúkọ irú òkúta tó fẹ́, ọmọṣẹ́ á gbé e wá. Kò sí àlàyé kankan nínú èdè àwọn méjèèjì, síbẹ̀ kò sí ẹni tó máa sọ pé ọ̀rọ̀ wọn ò nítumọ̀. Ìtumọ̀ ibẹ̀ wà nínú ìrìn ọmọṣẹ́ náà, láti ibi tó dúró sí dé ìdí òkúta.

Ṣé agbára ọ̀gá wá ni ìtumọ̀ àṣẹ? Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti máa ń ṣìnà. Aristotle tún sọ ìtàn kan nínú ìwé rẹ̀ lórí ewì, tó lè pa ènìyàn lẹ́rìn-ín. Protagoras, ọ̀kan lára àwọn tó ń gbowó kọ́ àwọn ará Gíríìsì ní ọ̀rọ̀ sísọ, bá akéwì Homer wí. Ẹ̀ṣẹ̀ Homer ni pé, níbẹ̀rẹ̀ ewì ńlá rẹ̀, Iliad, ó ní kí abo-òrìṣà kọrin ìbínú jagunjagun Achilles. Protagoras ní ọkùnrin yìí rò pé òun ń gbàdúrà ni, kò mọ̀ pé òun ń pàṣẹ fún òrìṣà. Aristotle ò tilẹ̀ bá a fà á. Ó ní kí wọ́n gbé ẹjọ́ náà lọ bá àwọn tó ń kọ́ni bí a ṣe ń gbé ohùn.

Ẹjọ́ Protagoras kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, àmọ́ ó ṣí nǹkan payá. Irú ọ̀rọ̀-ìṣe tí ọlọ́jà Lọ́ńdọ́ọ̀nù fi ń lé ajá kúrò nídìí ẹran náà ni bíṣọ́ọ̀bù fi ń bẹ Ọlọ́run pé kó rán òjò. Gírámà ò fi ìyàtọ̀ kankan sí i. Bẹ́ẹ̀ náà ni nílé tiwa: ẹni tí agbára rẹ̀ kéré jù nínú agboolé ni àṣẹ rẹ̀ pọ̀ jù. Ọmọ tí kò tíì lè dá dúró ti ń sọ pé "Gbé mi", "Fún mi", "Má lọ". Bí àṣẹ bá jẹ́ ẹnu agbára, báwo ni ọmọ ọwọ́ àti ẹni tó kúnlẹ̀ níwájú Ẹlẹ́dàá ṣe ń sọ ọ́?

Ohun tí Ọlọ́run, ìyá, ọmọṣẹ́ àti ajá jọ ní ni pé wọ́n létí, wọ́n sì ní inú tara wọn. A kì í pàṣẹ fún òkúta. A máa ń gbé e ni. Àní oníṣègùn tó ń bá ewé sọ̀rọ̀ kì í dédé sọ fún un pé kó jẹ́. Á kọ́kọ́ pè é lórúkọ, á kì í, á rán an létí ohun tí wọ́n ń fi í ṣe látìgbà ìwáṣẹ̀, lẹ́yìn náà ni yóò tó sọ ohun tó fẹ́. Kó tó lè pàṣẹ fún ewé, ó ní láti kọ́kọ́ sọ ewé di ẹni tó ń gbọ́ràn.

Ẹ̀rí wà fún èyí nínú gírámà Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀. Ó rọrùn láti sọ pé "Be careful", ẹnikẹ́ni ò ní ya ẹnu. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá sọ fún ẹlòmíràn pé "Be tall", etí á kọ̀ ọ́, nítorí ìṣọ́ra wà lọ́wọ́ ẹni, gíga kò sí lọ́wọ́ ẹni. Kò sì sí ẹni tó ń pàṣẹ fún àná. Bí a bá wá rí àṣẹ tí agbára olùgbọ́ kò ká, tí a sì ń sọ ọ́ lójoojúmọ́, bí "Get well soon" tí wọ́n ń kọ sára káàdì aláìsàn, a ti mọ̀ lọ́kàn wa pé kì í ṣe àṣẹ mọ́, àdúrà ni, nítorí ara yíyá kì í ṣe iṣẹ́ tí a lè rán ẹni tó ń ṣàìsàn. Etí ni ó ń ṣe ìdájọ́ yìí, láìbéèrè lọ́wọ́ gírámà.

Nítorí náà, ẹnikẹ́ni tó bá pàṣẹ ti jẹ́wọ́ ohun méjì kó tó pa ẹnu dé. Ó jẹ́wọ́ pé ohun tí òun ń fẹ́ kò ní ṣeé ṣe láti ọwọ́ òun nìkan. Ó tún jẹ́wọ́ pé ẹni tí òun ń bá wí lè kọ̀. Ẹni tí kò bá lè kọ̀, a kì í pàṣẹ fún un, gbígbé là ń gbé e. Ìdí nìyí tí mo fi rò pé gbólóhùn àṣẹ, pẹ̀lú gbogbo bó ṣe le lẹ́nu, jẹ́ ọ̀kan nínú ibi tí èdè ti bọ̀wọ̀ fún ènìyàn jù: kò lè jáde láìjẹ́ pé ó ti ka olùgbọ́ kún ẹni tó lè ṣe bó ṣe wù ú.

Àmọ́ ọ̀wọ̀ tó pamọ́ bẹ́ẹ̀ kì í tó Yorùbá. Tiwa gbọ́dọ̀ hàn síta. Àṣẹ tó bá ń lọ sọ́dọ̀ àgbà ò gbọdọ̀ jáde láìmú "ẹ" dání: ẹ jókòó, ẹ má bínú, ẹ sún mọ́ bí. Ìgbà tí Yorùbá bá wá ń sọ Gẹ̀ẹ́sì, á rí i pé òun ti fi nǹkan sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ wo akọ̀wé kékeré kan ní báńkì, tí bàbá arúgbó dúró níwájú rẹ̀ pẹ̀lú fọ́ọ̀mù. "Sign here" ni gírámà fún un. Ọ̀rọ̀ náà wúwo lẹ́nu rẹ̀ torí ó ń gbọ́ "fọwọ́ sí i" nínú rẹ̀, kò sì gbọ́ "ẹ". Ló bá fi "sà" tì í lẹ́yìn: "Sign here, sir." Bó bá jẹ́ ìyá ni, "ma" ló máa tẹ̀ lé e. Àwọn tó ń fi Gẹ̀ẹ́sì wa ṣe yẹ̀yẹ́ pé sà àti mà pọ̀ nínú rẹ̀ kò mọ̀ pé "ẹ" ló ń wá ibi tó máa jókòó sí.

Gẹ̀ẹ́sì náà ti ní irú rẹ̀ rí. "Thou" wà fún ẹnì kan, "ye" sì wà fún ọ̀pọ̀, bó ṣe ṣì hàn nínú Bíbélì wọn ti 1611. Bó bá di pé wọ́n fẹ́ bu ọlá fún ẹnì kan, wọ́n á pè é bí ẹni pé ọ̀pọ̀ ni. Ní ọ̀rúndún kẹtàdínlógún, àwọn ọmọ ìjọ Quaker kọ̀ láti fún ẹnikẹ́ni ní irú ọlá bẹ́ẹ̀, ìbáà jẹ́ adájọ́, wọ́n sì jìyà rẹ̀. Lónìí, "you" ti gba gbogbo ilé, nígbà tó bá sì di ti àṣẹ, òun gan-an kì í yọjú. Irú àṣẹ bẹ́ẹ̀ ń ti àwọn tó ni èdè náà pàápàá lójú. Bí ará Ìlú Ọba bá fẹ́ kí ẹni tó jókòó tì í ṣí fèrèsé, ó ṣòro kó ní "Open the window". Á béèrè bóyá ẹni náà lè ṣí i, bẹ́ẹ̀ kò sì ní í dúró gbọ́ ìdáhùn nípa agbára apá rẹ̀. Ó fi ìbéèrè ṣe aṣọ fún àṣẹ, kí ẹlòmíràn lè rí ọ̀nà tó lè gbà kọ̀ ọ́.

Kì í wá í ṣe gbogbo ìgbà ni ọ̀rọ̀ tí kò ní "ẹ" jẹ́ àrífín. Yorùbá tó ń fi "ẹ" fún bàbá rẹ̀ kì í fi í fún Ọlọ́run. "Olúwa, gbọ́ tèmi" ni, kì í ṣe "Olúwa, ẹ gbọ́ tèmi". A ò lè sọ pé a bọ̀wọ̀ fún bàbá wa ju Ẹlẹ́dàá lọ. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé níwájú Ẹni tó ti rí inú wa, kò sí ohun tí a fẹ́ fi ọ̀rọ̀ bò. Bẹ́ẹ̀, ìbéèrè oníwà pẹ̀lẹ́ láti ẹnu ọ̀gá iléeṣẹ́ lè jẹ́ àṣẹ tó le ju ti ṣọ́jà lọ, torí ó ṣe bí ẹni ṣílẹ̀kùn sílẹ̀ fún wa, nígbà tó jẹ́ pé gbogbo wa mọ̀ pé kò sí ẹni tó lè gba ibẹ̀ jáde. Ibẹ̀ ni ẹ̀rù ti yẹ kó bẹ̀rẹ̀ sí í bà wá. Àṣẹ tó wọ aṣọ tí kì í ṣe tirẹ̀ ló yẹ ká ṣọ́ra fún.

Ó yẹ ká kọ́kọ́ yọ irú àṣẹ kan sọ́tọ̀. Immanuel Kant, nínú ìwé rẹ̀ tó jáde ní 1785, pín àṣẹ sí méjì: èyí tí "bí" wà nínú rẹ̀, àti èyí tí kò ní "bí" rárá. Ọ̀pọ̀ àṣẹ tí à ń bá pàdé lójúmọ́ ló ní "bí" nínú, bí a ò tilẹ̀ sọ ọ́ jáde. Ohun tí wọ́n kọ sára páálí oògùn, ìlànà bí a ṣe ń se oúnjẹ nínú ìwé, ohùn tó ń sọ "Mind the gap" fún àwọn tó ń wọ ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù láti nǹkan bí ọdún 1968. Bí o bá fẹ́ kí ara rẹ yá. Bí o bá fẹ́ kí ọbẹ̀ náà dùn. Bí o kò bá fẹ́ kó sí àlàfo. Agbára irú àṣẹ bẹ́ẹ̀ ti ọ̀dọ̀ olùgbọ́ wá, kò nílò ẹni tó ni ín. Ní ibùdó Embankment, ohùn òṣèré kan, Oswald Laurence, ni wọ́n ń lò fún ọdún pípẹ́. Ó kú ní 2007, ohùn rẹ̀ ń pàṣẹ lọ, àwọn èrò sì ń gbé ẹsẹ̀ wọn wò. Nígbà tí wọ́n fi ohùn tuntun rọ́pò rẹ̀, opó rẹ̀, tó máa ń lọ jókòó níbẹ̀ láti gbọ́ ọ, lọ bẹ̀ wọ́n, ní 2013 wọ́n sì dá a padà. Fún òun, kì í ṣe àlàfo ni ohùn náà ń sọ. Fún àwọn èrò yòókù, ikú ẹni tó sọ ọ́ kò dín agbára àṣẹ náà kù rárá, nítorí láti ìbẹ̀rẹ̀, kì í ṣe tirẹ̀.

Èyí tí kò ní "bí" ni ọ̀rọ̀ wà nídìí rẹ̀. Kant kò fẹ́ kó wà láìsí ẹni tó ni ín. Ó wá ẹni tó ni ín títí, ó sì rí i nínú olùgbọ́ fúnra rẹ̀: ní ti ìwà, làákàyè èmi ló ń pàṣẹ fún èmi, olùrán àti ẹni tí a rán jẹ́ ẹnì kan náà. Ẹni tó bá parọ́ kò lè sọ pé ẹlòmíràn ló rán òun. Ṣùgbọ́n nínú ayé tí à ń gbé, ọ̀pọ̀ àṣẹ tí kò ní "bí" ló ń ti ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn wá, ẹni náà sì mọ bó ṣe ń fara pamọ́.

Ní 1961, ní Yunifásítì Yale ní Amẹ́ríkà, Stanley Milgram bẹ̀rẹ̀ ìwádìí kan tí òkìkí rẹ̀ kò tíì kú. Wọ́n ní kí àwọn ọkùnrin kan máa fi iná mànàmáná gún ẹni tó wà ní yàrá kejì nígbàkúùgbà tó bá ṣi ìdáhùn, kí wọ́n sì máa fi kún un. Kò sí iná níbẹ̀ ní tòótọ́, eré ni ẹni yẹn ń ṣe, ṣùgbọ́n àwọn tó ń tẹ bọ́tìnì kò mọ̀. Nínú ogójì ọkùnrin tí ìròyìn àkọ́kọ́ sọ nípa wọn, mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n tẹ̀ ẹ́ dé òpin, dé 450 fóólìtì. Nígbà tí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ dáwọ́ dúró, ọkùnrin tó wọ aṣọ oníṣẹ́ sáyẹ́ǹsì á sọ ọ̀kan nínú gbólóhùn mẹ́rin tí wọ́n ti tò sílẹ̀, ní ṣísẹ̀-n-tẹ̀lé. Èkíní ní kí ó jọ̀wọ́ máa bá a lọ. Èkejì ní ìwádìí náà ń béèrè pé kó máa bá a lọ. Ẹ̀kẹta ní ó pọn dandan pé kó máa bá a lọ. Ẹ̀kẹrin ní kò ní yíyàn mìíràn, ó gbọ́dọ̀ máa bá a lọ.

Ẹ fi ojú gírámà wo mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Èkíní nìkan ni gbólóhùn àṣẹ, àní ẹ̀bẹ̀ tún wà nínú rẹ̀. Mẹ́ta tó kù, àlàyé ni wọ́n ń ṣe. Kò sí ibì kan tí ọkùnrin yẹn ti sọ pé "Èmi ni mo fẹ́ kí ẹ ṣe é". Ìwádìí ló ń fẹ́. Dandan ló ń fẹ́. Ó dúró síbẹ̀ bí ẹni tó kàn ń ka ìròyìn ojú ọjọ́. Nígbà tí Jerry Burger tún irú ìwádìí náà ṣe ní Kalifọ́níà, tó sì gbé àbájáde rẹ̀ jáde ní 2009, kò sí ẹnì kan nínú àwọn tó gbọ́ gbólóhùn kẹrin tó gbà láti máa bá a lọ. Ìgbà tí wọ́n sọ fún wọn pé wọn ò ní yíyàn gan-an ni wọ́n rántí pé àwọn ní. Ipá ò mú wọn. Ohun tó ti ń mú wọn bọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ tí kò sí ẹni tó ni ín.

Gírámà kọ́ wa pé "you" pamọ́ sínú àṣẹ. Kò kọ́ wa pé "I" pamọ́ síbẹ̀ pẹ̀lú. "You" kò nira láti rí. Ẹni tó bá gbọ́, tó sì dìde, òun ni. "I" ló nira. Gẹ̀ẹ́sì ọ́fíìsì mọ bí wọ́n ṣe ń sin ín: ìwé á jáde pé a ń retí kí òṣìṣẹ́ ṣe báyìí báyìí, láìsọ ẹni tó ń retí. Yorùbá náà ní tirẹ̀. "Wọ́n ní kí o wá." Àwọn wo ni? "Àṣẹ láti òkè ni." Òkè wo? Ọ̀rọ̀ kékeré méjì wọ̀nyí ti pọ́n ọ̀pọ̀ ènìyàn lójú ní ilẹ̀ yìí ju kòbókò lọ.

Ọ̀rọ̀ náà hàn kedere nínú ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Fẹlá Aníkúlápó-Kútì. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń pàṣẹ fún ṣọ́jà wa lórí pápá láti ayé àwọn amúnisìn, ọ̀pọ̀ wa ló sì kọ́kọ́ gbọ́ irú àṣẹ yẹn lórí ìlà àárọ̀ nílé ẹ̀kọ́. Ní nǹkan bí ọdún 1976, Fẹlá kó àwọn àṣẹ orí pápá náà jọ, ó sọ wọ́n di orin tó pè ní "Zombie". Ọ̀rọ̀ kan ò yí padà nínú wọn. Ṣùgbọ́n ní ẹnu Fẹlá, wọn ò pàṣẹ fún ẹnikẹ́ni mọ́. Yẹ̀yẹ́ ni wọ́n dà, gbogbo ìlú sì ń jó sí i. Ní ọjọ́ kejìdínlógún oṣù Kejì, ọdún 1977, àwọn ṣọ́jà ya bo ilé rẹ̀, Kalakuta, ní Èkó. Wọ́n lu àwọn ènìyàn bolẹ̀, ilé jóná, wọ́n ju ìyá rẹ̀, Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kútì, láti ojú fèrèsé òkè. Ìyá náà kú ní ọdún tó tẹ̀ lé e. Nígbà tí ìgbìmọ̀ tí ìjọba gbé kalẹ̀ jókòó lórí ọ̀rọ̀ iná náà, wọ́n ní ṣọ́jà tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀ ló ṣe é.

Ṣọ́jà tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀. Àwọn tí a kọ́ pé wọn ò gbọdọ̀ yí ọrùn láìgbàṣẹ jáde láti bárékè lójú mọmọ, wọ́n dé ibi tí wọ́n ń lọ, wọ́n ṣe ohun tí wọ́n ṣe, ó wá di pé kò sí ẹni tó rán wọn, kò sì sí ẹni tí a rán. Fẹlá tún sọ ìyẹn náà di àwo orin ní 1979, ó sì fi orúkọ tí ìgbìmọ̀ náà fún oníṣẹ́ ibi yẹn pè é. Ó mọ ibi tó ń ta ni. Kì í ṣe pé àṣẹ le. Pé kò ní ẹnu tó ti jáde ni.

Ẹni tí a rán náà ńkọ́? Ní Nuremberg, ní Jámánì, ní 1946, àwọn adájọ́ kò gbà fún àwọn ọ̀gá Násì pé àṣẹ òkè dá ẹni láre. Òwe Yorùbá ti ń jà lórí ẹjọ́ yìí tipẹ́. Ọ̀kan ní, ẹni tó rán ni níṣẹ́ là ń bẹ̀rù, a kì í bẹ̀rù ẹni tí a ó jẹ́ ẹ fún. Ṣọ́jà lè fi òwe yìí wẹ ọwọ́. Ṣùgbọ́n èkejì ń dá a lóhùn pé, bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à á fi tọmọ jẹ́ ẹ. Kò sọ pé ká má jẹ́ iṣẹ́ náà rárá, Yorùbá mọ̀ pé ayé ò gba kí gbogbo ẹni tí a rán máa kọ̀. Ohun tó sọ ni pé láàárín ẹnu olùrán àti ẹsẹ̀ ẹni tí a rán, àyè kan wà, tí ẹni tí a rán sì gbọ́dọ̀ fi ọgbọ́n ara rẹ̀ kún. Àyè yẹn ni mo ti ń sọ látìgbà yìí. Òun ni àṣẹ fi yàtọ̀ sí gbígbé òkúta.

Ohun tí mo sì fẹ́ ká kíyè sí ni pé òwe méjèèjì, pẹ̀lú bí wọ́n ṣe ń ta kora, jọ gbà pé olùrán wà. Ẹni tí à ń bẹ̀rù ní ojú. Ẹni tó rán wa níṣẹ́ ẹrú ní orúkọ. Kò sí òwe kankan tó kọ́ wa bí a ṣe ń jẹ́ iṣẹ́ tí kò sí ẹni tó rán an, nítorí lójú àwọn tó pa òwe, kò sí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ìyá tó bá ọmọ rẹ̀ wí, tí ọmọ béèrè ìdí, tí ìyá sì fèsì pé "Torí mo ní kó o ṣe é", kò ṣàlàyé kankan lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ṣe ohun kan tí ọkùnrin Yale yẹn kò ṣe: ó fi ara rẹ̀ sábẹ́ ọ̀rọ̀ náà. Ọmọ yẹn mọ ẹni tí òun máa padà wá bá nígbà tó bá dàgbà.

Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba wa tó gbọ́n ti mọ ohun tí wọ́n ń ṣe sí àṣẹ tó bá fi olùrán pamọ́. Bí ọ̀gá bá pe ẹnì kan sí kọ̀rọ̀, tó ní kó sáré yọ owó kan jáde, kó má sọ fún ẹnikẹ́ni, pé àṣẹ láti òkè ni, òṣìṣẹ́ náà kì í jiyàn, kì í sì í gbé ohùn sókè. Á tẹ́ fáìlì sórí tábìlì, á ṣí i sí ojú ewé tó yẹ, á na bírò sí ọ̀gá rẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá mi fọwọ́ sí i." Gbólóhùn àṣẹ ni, ìsàlẹ̀ ló ti lọ sókè, "ẹ" sì wà nínú rẹ̀ dáadáa. Ohun tó ń béèrè ni kí ẹni tó pàṣẹ jáde wá. Bí ọ̀gá bá fọwọ́ sí i, a mọ ẹni tí a ó bi léèrè lọ́la. Bó bá kọ̀, owó náà kì í ṣe iṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni rán.